Eegun àbùùbùtán tó wọ Ọjà Ọba: ṣé ẹjọ́ wà níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, agbẹjọ́rò. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí. Kọ́sítọ́mà mi kan tó ń kó ẹja wá láti Ìgbókòdá gbé ẹran yíyan kan dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ti àbùùbùtán (whale) tí òkun gbé jù sétí omi ni, pé òkú ni wọ́n bá a, kò sẹ́ni tó pa á. Ó fi eegun ìhà kan àti òróró ìgò kan ṣe èènì fún mi. Ọmọ mi tó wà ní Houston rí fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp mi, ó ní kí n fi eegun náà ránṣẹ́, òun fẹ́ gbé e kọ́ ara ògiri. Ṣé mo lè ta ẹran yìí? Ṣé mo lè fi eegun náà ránṣẹ́? (Ìyá ẹlẹ́ja, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ẹ má tà á, ẹ má sì fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé owó ti jáde lọ́wọ́ yín, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ òfin, ẹ gbé eegun náà lọ́wọ́ ná. Olùkọ́ kan tó ń kọ́ni nípa ẹja ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ló kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí nígbà kan tí mo ń gba ẹjọ́ oníbàárà mi rò. Eegun àbùùbùtán máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ nínú bíi kànìnkànìn, òróró sì máa ń wà nínú ihò náà. Ẹ gbé e lé orí ìwé ìròyìn mọ́jú, ẹ ó rí àbààwọ́n rẹ̀. Àmọ́ tó bá wúwo lọ́wọ́ bí òkúta, tí inú rẹ̀ dí gbagidi láìsí mùdùnmúdùn, ó jọ pé kì í ṣe àbùùbùtán rárá. Mánátì ni, ẹran omi tó ń jẹ koríko bíi màlúù, tó ń gbé inú ọ̀sà àti odò wa, tó sì lè gùn tó mítà 3. Mi ò ní kọ́sítọ́mà yín purọ́ o. Ẹran tí wọ́n ti gé tí wọ́n sì ti yan, ta ló mọ ojú rẹ̀ mọ́?

Tó bá jẹ́ mánátì, ibẹ̀ ló le jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1985 lórí àwọn ẹ̀dá tó ń kú tán lọ ti kọ orúkọ rẹ̀ sí àkọsílẹ̀ kìíní. Ohun tó bá wà níbẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ dọdẹ rẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ mú un, a ò sì gbọ́dọ̀ fi í ṣòwò. Ẹ fọkàn sí ẹ̀kẹta yẹn. "Òkú la bá a" lè gba ẹni tó fà á jáde lómi sílẹ̀. Kò gba ẹni tó pàtẹ rẹ̀. Nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, náírà 1,000 ni owó ìtanràn ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì ń bá àwọn ọlọ́jà pàdé tó rò pé iye yẹn náà ló ṣì jẹ́. Ní 2016 wọ́n gbé e dé mílíọ̀nù 5.

Ká wá ní àbùùbùtán ni lóòótọ́. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ rò pé a ó máa bù ú, a ó máa bù ú, kò ní tán. Díẹ̀ ló kù kó tán: láàárín 1900 sí 1999, àwọn ọkọ̀ ọdẹ òkun pa á tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3. Ní 1982 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí i dìbò pé kí wọ́n dáwọ́ pípa rẹ̀ fún òwò dúró. Ìyẹn ò kan yín. Èyí tó kan yín ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí kíkó àwọn ẹ̀dá tó ń kú tán lọ láti ìlú kan sí òmíràn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973, tí Nàìjíríà sì wọ̀ ní 1974. Àwọn àbùùbùtán ńláńlá wà ní apá tó le jù níbẹ̀, mánátì tiwa náà sì dé ibẹ̀ ní 2013, níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Bangkok. Ohun tó wà ní apá yẹn kò gbọ́dọ̀ ré ẹnubodè kọjá nítorí òwò. Tí kì í bá ṣe òwò, ó ṣì gba ìwé àṣẹ méjì: ti ìlú tó ń kúrò àti ti ìlú tó ń lọ. Pé èènì ni, pé eegun kan péré ni, kò yí i padà.

Amẹ́ríkà tún ní tiwọn lọ́tọ̀. Láti 1972 ni òfin wọn ti ka gbígbé ẹran inú òkun tó ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí ẹ̀yà ara rẹ̀, wọ ìlú wọn léèwọ̀, àfi àwọn bí olùṣèwádìí tó bá gbàṣẹ. Ọmọ yín lè sọ pé òun rí àwọn tó ń ṣa irú eegun bẹ́ẹ̀ létí òkun wọn lọ́hùn-ún. Òótọ́ ni: èyí tí kì í bá ṣe ara àwọn tó ń kú tán, wọ́n lè ṣà á, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tà á. Ti etíkun wọn nìyẹn. Èyí tó gba pápákọ̀ òfuurufú wọlé kò sí nínú rẹ̀, orúkọ ọmọ yín ló sì máa wà lára páálí náà.

Ẹran náà ńkọ́? Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọ̀rá ẹran yìí nípọn bíi tìmùtìmù, ooru inú rẹ̀ kì í tètè jáde, inú ló ti kọ́kọ́ ń jẹrà kí awọ tó yí àwọ̀ padà. Ẹ̀yin náà ò mọ ohun tó pa á. Yíyan ò lè tún ìyẹn ṣe.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ di ẹran, eegun àti òróró náà pọ̀, kí ẹ má bù ú fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ má sì sun ún. Ẹ kọ ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín àti ibi tó ti wá sílẹ̀. Fọ́tò WhatsApp yẹn, ẹ má pa á rẹ́. Òun ló máa jẹ́rìí sí ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kàn sí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin àyíká ṣẹ, tàbí ẹ̀ka ẹja nílé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ wa. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ojú ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń wò ó. Mo lè bá yín lọ.

Òróró inú ìgò kò yàtọ̀ o. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi pa oríkèé tó ń dùn wọ́n, ẹ má jẹ́ kí aládùúgbò rọ̀ yín láti bù díẹ̀ fún òun.

Ẹ sì bá mi sọ fún kọ́sítọ́mà yín pé àwọn ẹran yìí kì í ṣe ẹja. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mí bíi tiwa. Tí àwọ̀n bá dì wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n á kú sínú omi tí wọ́n ń gbé. Mánátì máa ń lóyún tó ọdún kan, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí. Tó bá há sáwọ̀n láàyè, kí wọ́n gé àwọ̀n náà. Tó bá ní ta ni yóò wá san owó àwọ̀n, ẹ ní kó pè mí. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ owó ẹran tó gbà lọ́wọ́ yín náà.