Èsì: Láìbìrì C++ tó kọ̀ lórí Android

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní láìbìrì tó ń ka àwòrán àdìrẹ fáwọn oníbàárà yín n'Ítòkú ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí laptop Linux, pé ẹ fi aarch64-linux-gnu-g++ (irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù C++ di fáìlì fún ARM, irú ẹ̀rọ tó wà nínú fóònù) kọ́ ọ fún fóònù, fóònù wá ní òun ò rí libc.so.6.

Kóòdù yín ò lẹ́ṣẹ̀ kankan. Glibc, láìbìrì C tí Linux orí laptop yín ń lò, ló ni libc.so.6; Bionic, láìbìrì C mìíràn, ni Android ń lò. ARM lẹ kọ́ ọ fún lóòótọ́, àmọ́ ARM ti Linux ni. NDK (àkójọ irinṣẹ́ fún kíkọ́ C++ fún Android) ni kẹ́ ẹ gbà sórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wá fún CMake, irinṣẹ́ tó ń darí kíkọ́ kóòdù, ní android.toolchain.cmake tó wà nínú NDK náà, pẹ̀lú:

-DANDROID_ABI=arm64-v8a -DANDROID_PLATFORM=android-24

Ẹ kọ́ armeabi-v7a (ARM 32-bit) náà mọ́ ọn, torí fóònù àtijọ́ ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa lọ́jà. Ẹ yọ -lpthread, àṣẹ tó ń so láìbìrì pthread mọ́ kóòdù, kúrò. Inú libc Bionic ni pthread wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ orúkọ fáìlì gan-an! Ọjọ́ méjì gbáko ni èyí gbà mí ní Pánsẹ́kẹ́, tíná ń lọ tó ń bọ̀: libadire.so.2 ni mo kó sínú áàpù, kò sì débẹ̀ rárá. Orúkọ náà gbọ́dọ̀ parí sí .so ni.

Tẹ́ ẹ bá kọ́ ọ tán, ẹ tẹ readelf -d libadire.so, kẹ́ ẹ lè rí àwọn láìbìrì tó nílò (NEEDED). Tẹ́ ẹ bá rí libc.so láìsí 6 níbi NEEDED, ẹ gbé e sórí fóònù.