Kí ni èrè olùkọ́ tí kò gbowó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò ní kí n máa wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lọ́jọọjọ́ Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ báńkì ni mò ń ṣe, ó sì ń rẹ̀ mí. Kí ni mo máa rí níbẹ̀? (Láti Bódìjà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, owó kọ́ o. Owó ọkọ̀ gan-an, àpò rẹ ni yóò ti jáde. Ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti 1955 ni èmi, n kò san tọ́rọ́ kí n tó mọ ìwé. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa nígbà tí mo fẹ̀yìn tì.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ní ìdá kan nínú mẹ́ta ju ìdajì lọ, torí ẹẹ́ta ju eéjì lọ. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi gbẹ. Lọ́jọ́ kan mo ra búrẹ́dì méjì, mo gé ọ̀kan sí méjì, mo gé èkejì sí mẹ́ta, mo ní kó mú èyí tó wù ú. Ó nawọ́ sí ìdajì, ló bá dúró, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn! Ọdún 31 tí mo fi gbowó oṣù, n kò rí irú rẹ̀ gbà.

Òbí kan á ní kí o bá ọmọ òun ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Má gbà. Fi Sátidé méjì lóṣù bẹ̀rẹ̀, kí o sì ra ṣọ́ọ̀kì dáadáa. Wọ́n máa ń jí i kó.