Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ṣé Ọtí Ló Mu àbí Ara Rẹ̀ Ni Kò Yá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ lábẹ́ afárá Nyanya. Ó ń làágùn, ó ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara. Àwọn kan ní ó ti yó, àwọn mìíràn ní “one chance” ni. Gbogbo wa kọjá. Kí ló yẹ kéèyàn wò kó tó pe ẹnìkan ní ọ̀mutí? — *Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Mararaba*

Ìdáhùn: Ìyá wa, òógùn, gbígbọ̀n, àti ahọ́n tó wúwo: bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe èèyàn tó bá já wálẹ̀ nìyẹn. Ó sì jọ ìṣe ọ̀mutí débi pé ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó lo oògùn rẹ̀ tàbí tó gba abẹ́rẹ́ insulin, èyí tó ń já ṣúgà wálẹ̀, ní sààrì, tí kò sì fẹnu kan nǹkan kan títí di ìrọ̀lẹ́, irú aago tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an ló lè ṣubú.

Ní 1969, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní New York. Ọkùnrin kan á mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú láàárín èrò. Nígbà tó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́, ìgbà 62 nínú 65 làwọn èrò fúnra wọn dìde gbé e. Nígbà tí ọtí ń rùn lára rẹ̀, tó di ìgò mú, ìgbà 19 nínú 38 ni. Ìṣubú kan náà ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ làwọn èèyàn fi dájọ́.

Bí ẹ bá rí ẹni tó rí bẹ́ẹ̀, ẹ dúró ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ méjì sí i, ní gbangba, kí ẹ kí i. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá, ẹ bi í ní Hausa pé: “Sannu. Kana da ciwon sukari?” (Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ní àtọ̀gbẹ?) Bó bá jẹ́ obìnrin, “Kina da” lẹ máa sọ, ó sì dáa kí obìnrin ló sún mọ́ ọn. Bó bá ti lè mi orí, ìdáhùn nìyẹn.

Bó bá lè jókòó, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣúgà tó tó gíráàmù 15: kóró ṣúgà mẹ́rin, tàbí ṣíbí ìjẹun kan tí ẹ pò mọ́ omi, tàbí ìdajì ife mínírà, nǹkan bíi mìlílítà 150. Mínírà tí wọ́n kọ “zero” sí lára kò wúlò níbí. Búrẹ́dì máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, ẹ fi í di ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, bí ara rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀, ẹ tún fún un ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ẹ ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Kùránì (2:184) gba aláìsàn láyè láti san án pa dà lọ́jọ́ mìíràn.

Bó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, omi tútù pàápàá, kó má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Bí ẹnu bá wọ́, tàbí apá kan kò ṣeé gbé, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ rò. Ẹ má fún òun náà ní nǹkan kan jẹ, kí ẹ sì bi àwọn tó wà níbẹ̀ pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀, torí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni àyè rẹ̀ mọ.

Bí ọtí bá wá ń rùn lẹ́nu rẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Ẹjọ́ kò tíì parí. Ọtí fúnra rẹ̀ máa ń já ṣúgà wálẹ̀, ọ̀mutí tó sì nà gbalaja, tó kọjú sókè, èébì lè há a lọ́fun kó pa á.

Ní ti “one chance”, ìbẹ̀rù yín kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lágbègbè Abuja. Ẹ má dá gbé àjèjì sínú ọkọ̀ yín. Ṣùgbọ́n kéèyàn ra mínírà fúnni kò gba pé kó wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ ra á lọ́wọ́ alájàpá tó wà nítòsí, kí ẹ sì nàka sí ẹnì kan: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé fìlà pupa, ẹ bá wa pe 112.” Bí ẹ bá kígbe sí gbogbo èrò, kálukú á máa wojú ẹnìkejì.

Ìbéèrè: Bí mo bá gbé ẹni tí ìbọn bà lọ sí ọsibítù, ṣé wọn ò ní tì mí mọ́lé? Àwọn èèyàn máa ń ní ó lè jẹ́ adigunjalè. — *Awakọ̀ takisí, Lugbe*

Ìdáhùn: Òfin ọdún 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà sọ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbà á lójú ẹsẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó àsansílẹ̀ wà o, kò sí o. Ilé ìwòsàn ló máa fi tó ọlọ́pàá létí. Òfin kan náà ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ṣèrànwọ́, kí wọ́n má sì fi ìbéèrè tí kò nídìí dójú tì í. Fún ti ìjàǹbá ọkọ̀ àti pàjáwìrì yòókù, Òfin Ìlera ti 2014 ka kíkọ aláìsàn sílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: owó ìtanràn ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Kí ẹ tó gbé e, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ká tẹ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, kí ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́ yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ yẹn, òmíràn ni kí ẹ fi lé e lórí. Àwọn tó ń ṣí aṣọ wò ní gbogbo ìṣẹ́jú ló ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dì. Ẹ mú ẹnì kan dání, kí ẹ kọ aago àti ibi tí ẹ ti bá a sílẹ̀, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀sì ní orúkọ yín. Ní ti adigunjalè, ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá ni Yorùbá ń pè ní àgbà òṣìkà. Tiyín kò tíì rí ẹjọ́ rò rárá.

Ìbéèrè: Ní gáréèjì Jabi, àwọn kan máa ń ní wọ́n já owó ọkọ̀ àwọn gbà, Lokoja làwọn ń lọ. Báwo la ṣe ń mọ olóòótọ́? — *Akẹ́kọ̀ọ́, Gwarinpa*

Ìdáhùn: Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n lójú, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ má kó owó lé e lọ́wọ́. Ẹ bá a lọ sí ibi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ san owó ìjókòó kan, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń já a pé kó má dá owó náà pa dà fún un bó bá yí ọkàn pa dà.