Èsì: Màmá tó ń dá gbé, tó ń ṣi oògùn lò
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kí wọ́n lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì nígbà míì, ṣé kí ẹ kó wọn kúrò nílé wọn ni. Ẹ má tíì kó wọn.

Láti ọdún 1969 ni Lawton àti Brody, àwọn olùwádìí nípa ìtọ́jú àgbàlagbà, ti ka nǹkan 8 tí a fi ń mọ̀ bóyá àgbàlagbà lè dá gbé: fóònù, ọjà rírà, oúnjẹ sísè, ìtọ́jú ilé, aṣọ fífọ̀, wíwọ ọkọ̀, oògùn lílò àti ìnáwó. Oògùn àti owó gba ìrònú púpọ̀, wọ́n sì lè dàrú nígbà tí ìyókù ṣì dúró dáadáa.

Ìlọ́po oògùn yẹn léwu: ẹ̀jẹ̀ wọn lè lọ sílẹ̀ jù, kí òòyì kọ́ wọn, kí wọ́n ṣubú. Ẹ ra àpótí oògùn oníhò 7, kí ẹ máa to oògùn sí i ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ihò tó bá ti ṣófo, wọ́n ti lò ó nìyẹn. Ẹ kó páálí oògùn yòókù kúrò nítòsí wọn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lò ó pẹ̀lú ẹ̀kọ òwúrọ̀. Ẹ̀kọ kì í tètè kúrò lọ́kàn bí aago. Bí wọ́n bá gbàgbé tòní, kí wọ́n má lo méjì lọ́la.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọbẹ̀ sísè lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n ṣáà jókòó sí ilé ìdáná títí wọn yóò fi pa iná.

Ẹ tún yẹ àpò oògùn wọn wò: Piriton (oògùn ara yíyún) àti Valium (oògùn amáratuni) lè da orí àgbàlagbà rú. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni ọ̀rọ̀ wọn ṣàdédé dàrú, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Ibà tàbí àkóràn inú ìtọ̀ lè fà á.