Ìkookò ń pa ewúrẹ́ wa ní Minnesota: ṣé ká yìnbọn pa á ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àríwá Minnesota ni èmi àti ìyàwó mi ti ń sin ewúrẹ́. A ní 46, àwọn ọmọ Nàìjíríà, Làìbéríà àti Sòmálíà ló sì ń wá láti Minneapolis wá rà wọ́n. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù Kẹsàn-án yìí, a ti pàdánù mẹ́ta. Aládùúgbò wa kan tó ń sin màlúù ní ìkookò ni, ó ní kí n yìnbọn pa á, kí n rì í mọ́lẹ̀, kí n sì panu mọ́. Ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ní igbó kò lè dára láìsí ìkookò, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ kú àdánù o. Ọlọ́run á fi ọ̀pọ̀ rọ́pò wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ìbọn yẹn sílẹ̀, torí òun ló lè sọ ẹni tó pàdánù ewúrẹ́ mẹ́ta di ẹlẹ́wọ̀n. Ní Minnesota, òfin ìjọba àpapọ̀ ló ń dáàbò bo ìkookò. Aráàlú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa á, àfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀mí ènìyàn ló fẹ́ gbà. Ewúrẹ́ kò sí nínú èyí, ajá náà kò sí níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n yàn sídìí iṣẹ́ náà ló lè pa ìkookò tó bá ti pa ẹran ọ̀sìn, ó sì gbọ́dọ̀ ti wo òkú ẹran náà kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti rírì í mọ́lẹ̀, àwọn ìkookò kan wà tí àwọn onímọ̀ ti so ẹ̀rọ rédíò mọ́ lọ́rùn. Ilẹ̀ lè bo òkú, ẹ̀rọ yẹn á ṣì máa sọ ibi tó wà.

Ó ṣeé ṣe kí aládùúgbò yín máa rántí ìgbà tí nǹkan yàtọ̀. Òfin yìí ti yí padà léraléra. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ààbò bo ìkookò. Ní 1978, wọ́n dẹ okùn díẹ̀ fún Minnesota nìkan, torí ibẹ̀ ni ìkookò kò ti run tán. Ní 2012, wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ààbò, ìpínlẹ̀ sì gba àwọn ọdẹ láyè láti pa á ní 2012, 2013 àti 2014. Ilé-ẹjọ́ dá ààbò náà padà ní oṣù Kejìlá 2014. Wọ́n tún yọ ọ́ ní oṣù Kìíní 2021, ilé-ẹjọ́ tún dá a padà ní oṣù Kejì 2022. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ pe ọ́fíìsì DNR, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ yín tó ń bójú tó igbó àti ẹranko ìgbẹ́, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí òfin wí lónìí.

Orúkọ ẹranko yìí pàápàá fẹ́ àlàyé. Ìkookò tí àwọn ọdẹ ilé wa mọ̀ ni èyí tí Hausa ń pè ní kúrá, tí ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju èjìká lọ. Orúkọ kan náà ni Bíbélì Yorùbá fún irú ẹranko ti Minnesota yìí. Ìbátan ajá gan-an ni ti Minnesota, ìwà ajá ló sì ń hù: ó ń gbóòórùn láti ọ̀nà jíjìn, ó ń fura sí ohun tí kò rí rí, ó sì máa ń tètè mọ̀ bí ohun náà kò bá lè ṣe é ní nǹkan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wáyà àti ajá, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Ṣùgbọ́n ta ló pa ewúrẹ́ yín? Mi ò tíì gbà pé ìkookò ni. Ní Amẹ́ríkà lápapọ̀, coyote, ẹranko ìgbẹ́ kan tó jọ ajá tó sì kéré sí ìkookò, ló ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn jù nínú àwọn ẹranko apẹran, ajá tí olówó rẹ̀ kò so mọ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ọmọ màlúù ni ìkookò Minnesota sábà ń mú nínú ẹran ọ̀sìn. Ewúrẹ́ tún lè kú fúnra rẹ̀, kí inú wú, kí aràn pa á, kí coyote wá bá òkú nílẹ̀ kó máa jẹ ẹ́. Bí òwúrọ̀ bá mọ́, ojú ìpakúpa ni gbogbo rẹ̀ máa jọ.

Abẹ́ awọ ni ẹ ti máa rí òótọ́. Ẹran tí wọ́n bù jẹ nígbà tó wà láàyè máa ń ní ẹ̀jẹ̀ dídì, dúdú, lábẹ́ awọ níbi tí eyín ti wọlé. Èyí tó ti kú kí wọ́n tó jẹ ẹ́ kì í ní. Ọ̀fun ni coyote sábà ń dì mú, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kì í pọ̀. Ajá ilé ò mọṣẹ́: á ya etí, á ya itan, á lé agbo káàkiri, á ṣe mẹ́rin tàbí márùn-ún léṣe, kò sì ní jẹ púpọ̀ nínú wọn. Ìkookò máa ń jẹ ẹran rẹ̀ dáadáa, ó ń fọ́ egungun ńlá. Ẹ wọn ipasẹ̀ náà pẹ̀lú: ti coyote gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 7, ti ìkookò àgbà tó 10 sí 12. Ajá ńlá lè tó ti ìkookò, nítorí náà ipasẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ihò eyín gígùn méjèèjì òkè: ti coyote kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 3 àti ààbọ̀ lọ, ti ìkookò máa ń ju 4 lọ.

Ẹ má bó awọ náà fúnra yín o. Ẹ fi sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó máa wá. Bí ẹ bá ti rí òkú ẹran, ẹ má wọ́ ọ kúrò níbẹ̀. Ẹ fi tapólì bò ó, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀, torí ẹyẹ àti ajá yín lè ba ẹ̀rí jẹ́ láàárín wákàtí kan. Ẹ da korobá bo ipasẹ̀ tó bá fara hàn dáadáa kí òjò má pa á rẹ́. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe òṣìṣẹ́ DNR tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́ ní àgbègbè yín lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìkookò ni, ẹ̀ka ìjọba Minnesota tó wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ máa san owó gbà-máà-bínú ní iye tí ẹran náà tó lọ́jà. Ibí yìí ni ìwé ti ń ṣiṣẹ́. Òbúkọ tí ẹ máa tà nígbà Iléyá kì í ṣe iye kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń tà ní gbàǹjo lárọ̀ọ́wọ́tó yín, ẹni tí kò ní rìsíìtì ni wọ́n á sì fún ní iye ti gbàǹjo. Ẹ máa ka ewúrẹ́ yín ní alaalẹ́ pẹ̀lú, torí èyí tó pòórá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí a kò rí egungun rẹ̀, kò ní ẹlẹ́rìí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín léèrè. Níbo ni àwọn oníbàárà yín ti ń pa ẹran? Ọ̀pọ̀ oko ewúrẹ́ tó ń tajà fún àwa ọmọ Áfíríkà ló ń jẹ́ kí oníbàárà dúńbú ẹran níbẹ̀. Bí ìfun, ẹ̀jẹ̀ àti awọ bá wà ní ẹ̀yìn ilé, ẹ ti ń bọ́ ohun tí ẹ ń sá fún. Bákan náà ni ibi ọmọ nígbà tí ewúrẹ́ bá ń bímọ, àti òkú ẹran tí a gbé jù sí eteetí igbó. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú dúróòmù onídèérí lọ́jọ́ náà, kí ẹ bi ìpínlẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ nù: rírì jinlẹ̀, sísun, tàbí kí ọkọ̀ wá kó o. Òṣìṣẹ́ tó bá wá wo òkú ẹran yín á wo ẹ̀yìn ilé náà.

Ní ti fẹ́ǹsì, ẹ má gbìyànjú láti yí gbogbo ilẹ̀ yín ká lọ́dún yìí. Ilé òru ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Bí ewúrẹ́ kan bá ní ààyè mítà 2 sí 1, ààyè mítà 10 sí 10 tó fún 46, ìyẹn mítà 40 ni fẹ́ǹsì yíká. Ẹ lo wáyà alápapọ̀ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ó kéré tán, tí ojú ihò rẹ̀ jẹ́ íńṣì 4 sí 4. Oníhò íńṣì 6 ló pọ̀ lọ́jà, òun ló sì ń fa wàhálà: ewúrẹ́ oníwo á ki orí bọ̀ ọ́, kò ní lè yọ ọ́ mọ́, á wá di oúnjẹ tí a so mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ́ wáyà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì sórí ilẹ̀ ní ìta, kí ẹ so ó mọ́ ìsàlẹ̀ fẹ́ǹsì, torí ìsàlẹ̀ ni coyote àti ìkookò máa ń wá, wọ́n ń walẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń fò lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa wáyà oníná kan síta, kó ga tó íńṣì 8 sílẹ̀, kó sì jìnnà tó íńṣì 8 sí fẹ́ǹsì, kí ẹ fa òmíràn sókè pátápátá.

Iná náà gbọ́dọ̀ tó fóltì 5,000 níbi tó jìnnà jù sí ẹ̀rọ, kì í ṣe lẹ́nu ẹ̀rọ. Irun ìkookò nípọn, imú ló fi máa kan wáyà, àǹfààní kan ṣoṣo tí ẹ ní nìyẹn. Bí imú yẹn bá kan wáyà tí kò gbóná, ó ti kẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní gbàgbé. Ẹ má tan ẹ̀rọ ní àtanpa. Nígbà tí iná bá rọ, ẹ̀rọ kọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi, ẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn ọ̀pá irin tó so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀. Ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni kí ẹ gbá wọlẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà 10 jìnnà síra. Koríko tó kan wáyà ìsàlẹ̀ náà ń fa iná nù.

Ìgbà òtútù wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Yìnyín gbígbẹ àti ilẹ̀ tó dì kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, nítorí náà ẹranko lè fi imú kan wáyà kó má rí nǹkan kan. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí wáyà oníná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí a so mọ́ ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹranko tó bá kan méjèèjì pọ̀ rí i he. Ẹ fi súìsì sí wáyà ìsàlẹ̀ kí ẹ lè pa òun nìkan nígbà tí yìnyín bá bò ó. Bí atẹ́gùn bá gbá yìnyín jọ sára fẹ́ǹsì, ẹ fi ṣọ́bìrì kó o. Fẹ́ǹsì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin tí yìnyín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta wà níwájú rẹ̀, àtẹ̀gùn ni.

Ajá olùṣọ́ ẹran dára, irú Great Pyrenees tàbí Anatolian. Ṣùgbọ́n ajá kan ṣoṣo níwájú ọ̀wọ́ ìkookò, òkú ni. Méjì ló kéré jù, mẹ́ta ló dára. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ó ti yẹ kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú ewúrẹ́, wọn kì í sì í gbọ́n tán kí wọ́n tó pé ọdún kan àbọ̀ sí méjì, ìyẹn ni pé ajá tí ẹ rà lónìí kò ní gba ẹran ọdún yìí là. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti llama, ẹran ọ̀sìn Gúúsù Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìbátan ràkúnmí, lè lé coyote kan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wọn fún ìkookò.

Fún ìsinsìnyí, fladry wà: okùn tí a so aṣọ pupa mọ́, tí àwọn ọdẹ ìlà-oòrùn Yúróòpù fi ń darí ìkookò látijọ́. Aṣọ kọ̀ọ̀kan máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50, wọ́n á fi bíi 45 jìnnà síra, ẹsẹ̀ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ìkookò kì í fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó máa ń ṣiṣẹ́ tó bí oṣù méjì, lẹ́yìn náà wọ́n á mọ̀ pé aṣọ lásán ni. Ẹ má fi í síta lọ́dún yípo. Ìgbà ìbímọ, tàbí ọ̀sẹ̀ tí ẹranko bá ti ń wá lemọ́lemọ́, ni kí ẹ lò ó, kí ẹ sì ká a. Coyote ò kà á sí.

Ní ti àríyànjiyàn ilé yín, àwọn méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu. Pípa ìkookò tó ti sọ agbo kan di oúnjẹ ojoojúmọ́ máa ń bá a mu nígbà mìíràn, kò sì sí ohun tó burú nínú pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe é. Ṣùgbọ́n pé kí a pa ìkookò ní gbogbogbòò kí ẹran ọ̀sìn lè là, ẹ̀rí rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ Washington State University wo àkọsílẹ̀ ọdún 25 láti Montana, Idaho àti Wyoming, wọ́n ní pípa ìkookò ń mú kí ìpakúpa ẹran pọ̀ sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 2016, àwọn mìíràn tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n ní òdìkejì ni. Àwa tó ń sin ẹran kò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé ewúrẹ́. Ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Wisconsin ní oṣù Kejì 2021: ìkookò 119 ni wọ́n yàn fún àwọn ọdẹ tó gba ìwé àṣẹ, 218 ni wọ́n pa láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn Ojibwe, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ibẹ̀, ní ìpín 81, wọn kò pa ọ̀kan, torí arákùnrin ni wọ́n ka ìkookò sí. Ẹni tó mọ ohun tí èèwọ̀ ìdílé jẹ́ kò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Sí ọmọ yín, mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé ìkookò Minnesota ti ju 2,500 lọ. Wọn kò sí lẹ́nu ikú níbẹ̀, àgbẹ̀ tó sì pàdánù ẹran kì í ṣe ọ̀tá igbó.

Ẹ lè máa bẹ̀rù nítorí ọmọdé. Ní Minnesota, ìkookò kan bu ọ̀dọ́mọkùnrin kan jẹ lórí níbi tó sùn sí lẹ́bàá adágún Winnibigoshish ní 2013. Ẹnu ẹranko náà ti wọ́, ọmọ náà sì yè. Èyí tó la ikú lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà láti 2000 wá kò pọ̀: Saskatchewan ní Kánádà ní 2005, Alaska ní 2010. Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbà ni ìkookò tó ń jẹun létí ilé tí kò sì sá fún ènìyàn. Ẹ pe ọ́fíìsì lójú ẹsẹ̀.

Bí owó ò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dúróòmù onídèérí, lẹ́yìn náà ilé òru, lẹ́yìn náà iná. Ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò lè dúró dìgbà tí owó bá dé. Ẹ gbá a wọlẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá. Tí ilẹ̀ àríwá bá ti dì, òòlù á kàn máa ta padà ni.