Èsì: Fídíò parí, àwọn ọmọ ò rántí nǹkan kan

Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Ẹ ní ẹ fi fídíò 40 ìṣẹ́jú lórí bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ ká han kíláàsì yín, gbogbo wọn dákẹ́ jẹ́ẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dáhùn ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ti gùn jù ni. Ẹ mú ìṣẹ́jú 4 tàbí 5 tó kan ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

1. Kí ẹ tó tàn án, ẹ kọ ìbéèrè kan sójú pátákó: ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, apá ibo nínú ọkàn ló kọ́kọ́ ń wọ̀?

2. Ẹ dá a dúró níbi tí ìlẹ̀kùn inú ọkàn bá ti fẹ́ pa dé. Ẹ bi wọ́n pé kí ló kàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀.

3. Ẹ tún un tàn, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ọmọ kan máa ṣàlàyé. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì mi ló ṣàdédé pariwo pé, “Ó ti ìlẹ̀kùn kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn!”

Ìgbà tó bá ṣeé dá dúró nìyẹn o. Tó bá jẹ́ ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń lọ lọ́wọ́, ìbéèrè ṣáájú àti ìjíròrò lẹ́yìn lẹ máa gbára lé. Tó bá sì jẹ́ ìtàn, ẹ má gé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó tán.

Ẹ sì fúnra yín wò ó dé òpin ṣáájú. Ojú ti tì mí rí.