Ẹ Bi Wá: Obìnrin Tó Ṣe Ààrẹ Làìbéríà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ni mo ń tà ní ọjà Olúwo, ọmọ mi obìnrin ló sì bá mi kọ lẹ́tà yìí. A gbọ́ lórí rédíò pé obìnrin kan ṣe ààrẹ Làìbéríà fún ọdún 12, ni àwọn ọkùnrin tó ń bá wa gbé ẹja bá ní àwọn òyìnbó ló kàn gbé e síbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Iṣẹ́ wo ló ti ṣe kó tó débẹ̀? (Òǹkàwé yín, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá wa. Ìbò ló gbé Ellen Johnson Sirleaf débẹ̀, kí ìbò náà sì tó wáyé, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń bá owó ìlú àti owó báńkì ṣiṣẹ́.

Monrovia ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1938. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó wọlé ọkọ, ó bí ọmọkùnrin mẹ́rin, ìgbéyàwó náà sì tú ká. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó gboyè nínú ìṣàkóso ìlú ní Yunifásítì Harvard lọ́dún 1971, nígbà tó sì di 1979, òun ni mínísítà ètò ìṣúná lábẹ́ Ààrẹ William Tolbert. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1980, Samuel Doe àti àwọn sójà rẹ̀ pa Tolbert, wọ́n gbàjọba, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni wọ́n sì yìnbọn pa 13 nínú àwọn ìjòyè ìjọba ní etíkun Monrovia. Sirleaf wà lára ìwọ̀nba mínísítà tí wọ́n dá sí.

Ó fi ìlú sílẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé àti ní Citibank ní Nairobi, ṣùgbọ́n lọ́dún 1985 ó padà wálé, ọ̀rọ̀ tó sì sọ tako ìjọba Doe ni wọ́n fi dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún un. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n tú u sílẹ̀. Ó wọlé ìbò sẹ́nétọ̀, ó sì kọ̀ láti jókòó níbẹ̀ nítorí pé, lójú tirẹ̀, èrú ni wọ́n fi ṣe ìbò náà. Wọ́n tún tì í mọ́lé. Ẹni tí ipò lásán ń wù kì bá ti ta irú àyè bẹ́ẹ̀ nù. Lọ́dún 1997 ó bá Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ tó dá ogun abẹ́lé sílẹ̀ ní Làìbéríà, díje fún ipò ààrẹ, Taylor sì fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀yin ẹlẹ́ja nìyí. Lọ́dún 2003, nígbà tí ogun ń jó ìlú, Leymah Gbowee àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn obìnrin Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí jọ, wọ́n wọ aṣọ funfun, pápá tó wà lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia ni wọ́n sì ń jókòó sí lójoojúmọ́, lójò lóòrùn, láti bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà. Nígbà tí ìpàdé ń lọ ní Accra, tí Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, tó ti ṣe olórí Nàìjíríà rí, ń làjà, àwọn obìnrin wọ̀nyí dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde àfi tí ọ̀rọ̀ bá yanjú. Ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ fún ìbò bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin ń bá ara wọn ṣọ́ ìsọ̀, wọ́n ń bá ara wọn gbé ọmọ, kí ẹni tó ń tajà lè ráyè lọ forúkọ sílẹ̀.

Ká ní òyìnbó ló gbé e síbẹ̀ ni, kì bá má ṣe ipò kejì nínú ìbò àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, George Weah agbábọ́ọ̀lù ló ṣíwájú pẹ̀lú ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún, Sirleaf ní nǹkan bí ìdá 20. Nígbà tí ó ku àwọn méjèèjì, ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, ó gba ìdá 59, wọ́n sì búra fún un ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2006.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ṣé òótọ́ ni pé ó ti ran Taylor lọ́wọ́ rí? Kí ló sì ṣe fún ìlú gan-an? (Òǹkàwé yín, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, sà. Ó ti Taylor lẹ́yìn nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì lọ́dún 2009 níwájú ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà, tó sọ pé Taylor tan òun jẹ. Ìgbìmọ̀ náà ní kí ó má ṣe di ipò ìlú mú fún ọdún 30, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé irú ìyà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2011. Ẹ má sì gbàgbé pé òun náà ló ní kí Ààrẹ Ọbásanjọ́ dá Taylor, tó ti wá forí pamọ́ sí Nàìjíríà, padà lọ́dún 2006, tí Taylor fi sá kúrò ní Calabar tí ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́ ní ẹnubodè Borno.

Ti iṣẹ́ ìlú, gbèsè tó bá nílẹ̀ tó bílíọ̀nù 4.9 dọ́là, àwọn tó jẹ ní gbèsè sì ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jì wọ́n nígbà tó fi di 2010. Iṣẹ́ mínísítà ìṣúná àná hàn níbẹ̀. Lọ́dún tó gorí oyè ni iná ìjọba tún tàn láwọn apá kan Monrovia lẹ́yìn bí ọdún 15, ará Ìkòròdú kò sì ní bi mí pé kí ló ṣe pàtàkì nínú ìyẹn. Òun, Gbowee àti Tawakkul Karman ti Yemen ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel lọ́dún 2011. Lẹ́yìn náà ni Ebola dé lọ́dún 2014, ó sì pa èèyàn tó lé ní 4,800 ní Làìbéríà. Lójú tèmi, àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí ipò ńlá, tó fi mọ́ ilé iṣẹ́ epo àti báńkì àpapọ̀, débi pé Gbowee fúnra rẹ̀ bá a wí ní gbangba.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ olórí orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà? Ta ló gbé ìjọba fún? (Òǹkàwé yín, Àgbádárìgì)

ÌDÁHÙN: Òun ni àkọ́kọ́ tí ará ìlú dìbò yàn sípò ààrẹ. Sylvie Kinigi ti di àyè ààrẹ mú ní Bùrúńdì lọ́dún 1993, Ruth Perry sì ti darí ìgbìmọ̀ ìjọba fìdíhẹ ní Làìbéríà kan náà lọ́dún 1996, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbò ló gbé àwọn méjèèjì débẹ̀. George Weah tó nà nínú ìbò ló gbé ìjọba fún ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 2018. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ti lé e jáde ní oṣù yẹn kan náà, wọ́n ní ó ti Weah lẹ́yìn dípò igbákejì rẹ̀, Joseph Boakai. Boakai padà wá borí Weah lọ́dún 2023.